Túbà Tuntun Tí Ọ̀gá Mi Kò Lè Fọn

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan wà ní lísée, ilé ẹ̀kọ́ girama, níhìn-ín ní Bouaké. Wọ́n ní kí oníkálukú sọ iṣẹ́ tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe, òun sì dìde, ó ní bàbá àgbà òun ń fọn túbà. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó bi mí pé ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà ni. Túbà yìí ló bọ́ ìyá rẹ̀ dàgbà, òun náà ló kọ́ ilé tí gbogbo wa ń gbé ní àdúgbò Dougouba.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ óò yàn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Mi ò ní kí ẹ lọ fọn túbà. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Wọ́n máa ń sọ pé ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú tèmi kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ó rí òkun, ó bẹ̀rù. Ó rí ọ̀sà, ó tún bẹ̀rù. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, síbẹ̀ àwọn ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àyà mi ṣì ń já sí tí mo bá rántí wọn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà, Bouaké ni wọ́n sì bí mi sí, láàárín àwọn Baoulé àti àwọn Dioula tí wọ́n ń pè wá ní Anango. Ìsọ̀ ni bàbá mi rò pé màá jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé òkú àgbà kan kọjá níwájú wa, fanfáà sì ń tẹ̀ lé e. Fanfáà ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ onífèrè níbí. Mo fi etí gbọ́ àwọn fèrè kéékèèké, ṣùgbọ́n ohùn kan wà nísàlẹ̀ wọn tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn abọ́ bàbá mi ń gbọ̀n lórí ara wọn. Nígbà tí mo yọjú, mo rí fèrè idẹ ràgàjì kan tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ló hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gbé e kéré débi pé fèrè ti bò ó. Túbà ni fèrè náà, Ọ̀gá Jóṣúà, ará ìlú wa, ló gbé e. Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn dé ibojì.

Bí bàbá mi ṣe gbà kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tí òun àti ọ̀gá jọ sọ, àti iye tí mo ń gbà lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n fò wọ́n. Kò sí ẹni tó fi fanfáà di olówó nínú wa, ebi kò sì pa ẹnikẹ́ni kú.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀gá náà ti kọ́ fèrè, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó wá sí Bouaké. Òun ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. A máa ń fọn níbi òkú láti Botro títí dé Sakassou, nítorí àwọn Baoulé kì í fi òkú àgbà ṣeré. A máa ń fọn níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, a sì máa ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi.

Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá débẹ̀ ni màá gbé ẹnu sí túbà. Ó yà mí lẹ́nu pé gbígbé ni wọ́n ní kí n máa gbé e. Mò ń gbé e lọ, mò ń gbé e bọ̀, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń nù ún. Ọ̀gá ní ẹni tí kò mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó kò lè mọ bó ṣe níyì tó. Nígbà tó yá, ó já ibi tí a ń gbé ẹnu sí kúrò lára fèrè, ó ní kí n máa fọn ìyẹn nìkan. Àwọn aládùúgbò wá béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bóyá ewúrẹ́ wa ń ṣàìsàn.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí fọn túbà gan-an, ọ̀gá ní kí n kọjú sí ògiri kí n máa fọn ohùn kan ṣoṣo, gígùn, láìyí i padà. Òun á jókòó sẹ́yìn mi, á di ojú rẹ̀, á máa jẹ ẹ̀pà. Bí ohùn mi bá gbọ̀n díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á dúró. Mi ò nílò kí n wẹ̀yìn. Á ní, "Tún un ṣe." Gbogbo ẹ̀kọ́ tó ń fi ẹnu kọ́ mi nìyẹn. Kì í pariwo, kì í yìn ènìyàn. Ìgbà kan tí mo rẹ́rìn-ín níbi òkú, ó gba túbà lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì fi odidi ìgbà òjò kan jẹ́ kí n máa rìn tẹ̀ lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ òfo. Ó ní ẹni tó gbé fèrè fún olókùú ti di ọ̀kan lára ọmọ olókùú.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un, bó ṣe ń yẹ túbà wò ni. Láyé ìgbà yẹn, àlòkù ni gbogbo fèrè wa, láti ọwọ́ àwọn sójà àti àwọn míṣọ́nnárì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà, ọ̀gá ni wọ́n ń wá pè. Kì í kọ́kọ́ fọn ún rárá. Á gbóòórùn rẹ̀. Á fi ìka tọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, á wá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì fi ọ̀dà bò. Lẹ́yìn náà á fi ẹnu fa gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀, á wá fi ahọ́n dí ihò rẹ̀. Bí túbà bá di ahọ́n rẹ̀ mú, kò sí ihò lára rẹ̀. Bó bá tú ahọ́n sílẹ̀, ó ń jò níbì kan. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló máa ń wà lára rẹ̀ tí ìka ń tẹ̀. Á tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tú u sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ padà sókè kíá bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè. Lẹ́yìn èyí á gbé e kọ́ èjìká, á fi rìn yí àgbàlá ká, nítorí pé ẹni tó ń sin òkú kì í jókòó. Ìgbà yẹn ló tó máa fọn ún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: mi ò rí ẹlòmíràn tó mọ ara túbà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọn fèrè lónìí, fóònù ló ń sọ fún yín bóyá ohùn yín ga jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí fóònù tó ń bá ènìyàn wí, mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kẹrosíìnì tí a bu epo àgbọn díẹ̀ sí la fi ń fọ bọ́tìnnì tiwa. Bí túbà bá lu, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jó ihò ìkòkò la máa ń gbé e lọ. Báyìí, epo wà nínú ìgò róbóróbó láti Abidjan, ìbọ̀wọ́ sì wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí òógùn ba idẹ jẹ́. Kò burú. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí fóònù gba iṣẹ́ etí yín.

Ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀, mo ti gba òmìnira, mo ti níyàwó. Túbà kan ṣoṣo ni èmi àti ọ̀gá jọ ń lò: òun á fọn ún ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbẹ̀rẹ̀ ìsìnkú, èmi á gbà á nígbà tí a bá dé ibi tí ọ̀nà gòkè. A ń bọ̀ láti Botro lọ́jọ́ kan, wọ́n so ó mọ́ orí gbàkà, bọ́ọ̀sì èrò tí a wọ̀. A gbọ́ gbì. Okùn ti já. Kí awakọ̀ tó dúró, kámíọ̀n tó kó iṣu lẹ́yìn wa ti gun orí rẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó fara pa. Túbà náà ti pẹlẹbẹ lórí gúdúróònù, ọ̀nà ọlọ́dà, bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ọ̀gá Jóṣúà bẹ̀rẹ̀, ó ká a jọ sí àyà rẹ̀, ó sì jókòó sínú koríko.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n ní a ò ní ra àlòkù mọ́, tuntun la máa rà. Nínú gbogbo ayé wa, kò sí ẹni tó ti fọn túbà tuntun rí nínú wa. Wọ́n dá owó, ọ̀gá sì lọ sí Abidjan, sí ìsọ̀ kan tó ń ta ohun èlò tó ń ti Faransé wá. Nígbà tó dé, ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ó ní òun ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí òun mọ̀. Ó ní ó di ahọ́n òun mú tí olówó ìsọ̀ fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ó fúyẹ́ ju ti àtijọ́, kò tóbi tó o, ó sì ṣe é gbé rìn, ohùn rẹ̀ sì mọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa: a kì í lo ohun tuntun kí pásítọ̀ tó gbàdúrà sí i. Ìbáà ṣe àga, ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìyàsímímọ́, àwọn àgbà á lé e dìde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé túbà tuntun sábẹ́ pẹpẹ nínú àpótí rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Kò sí ẹni tó fọn ún nígbà ìdánrawò. Kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí a fọn ún.

Lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Àwọn ìjòyè wá láti Sakassou, àwọn tí a ti bá sin òkú wọn. Pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n ṣí aṣọ, ojú wa ṣókùnkùn fún dídán rẹ̀. Ọ̀gá gbé e lé itan. Orin ìyìn tí a mọ̀ jù lọ la fẹ́ fọn, èyí tí ohùn àkọ́kọ́ rẹ̀ kò gba ìka kankan lórí bọ́tìnnì. Ó mí kanlẹ̀, gbogbo wa sì jọ gbé e.

Ẹ gbà mí. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ohun tí a gbọ́. Ó dà bí ẹni pé ẹgbẹ́ méjì tó ń bínú síra wọn ló ń kọrin nínú ilé kan. A dúró. A rò pé àwọn fèrè kéékèèké ni kò tíì móoru. A tún bẹ̀rẹ̀, ó tún burú sí i. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà náà ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè fi ìka dí etí rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá Jóṣúà nìkan ló dákẹ́. Ó wo túbà náà bí ẹni wo ọmọ tirẹ̀ tó bú u ní gbangba. Ó gbé e sórí àga, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Mi ò rí i kó kúrò nídìí orin tí kò tíì parí rí.

Ṣé ẹ mọ ẹnu ayé. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n ti ń sọ pé túbà náà ti bàjẹ́, àwọn mìíràn ní etí bàbá ló ti kú. Mo gbé túbà náà lọ sọ́dọ̀ Kouamé, Baoulé kan tó ti fọn tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn sójà, tó sì ń gbé ní àdúgbò wa. Ó ní kí n fọn ún láìtẹ bọ́tìnnì kankan. Òun náà gbé tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fọn ún láìtẹ bọ́tìnnì. Ohùn méjèèjì kò pàdé.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. "Sámù, c'est pas gâté. Kò bàjẹ́ rárá. Irú èyí tí àwọn Faransé fẹ́ràn ni, ohùn rẹ̀ fi ìgbésẹ̀ kan ga ju irú tiyín lọ. Tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, kó o tún fọn."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo fọn. Ohùn wa di ọ̀kan. Àfi bí ìgbà tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn tó ti ń lu ara rẹ̀ látàárọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé Kouamé. Gbogbo fèrè tó ti kọjá lọ́wọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ẹgbẹ́ wa, irú kan náà ni. Ọ̀gá kò mọ̀ pé irú mìíràn wà, ọ̀gá tó kọ́ ọ náà kò sì mọ̀. Ó yẹ túbà náà wò lórí àti nídìí, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àmọ́ òun nìkan ló yẹ̀ ẹ́ wò. Túbà kì í dá rìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n á jọ máa lọ sóde. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tàbí tí ẹ ń wá aya, ẹ gbé ìyẹn sápò.

Bó ṣe jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ga nìyẹn, gbogbo ìka ló gbọ́dọ̀ yí ipò padà. Ibi tí ìka kò ti sí tẹ́lẹ̀, ìka ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀; ibi tí ó ti wà, ó gbọ́dọ̀ kúrò. Ara mi ṣì rọ̀ nígbà náà. Mo bú, mo ṣépè, ṣùgbọ́n kí òjò tó dá, ìka mi ti mọ̀nà. Mo lọ sọ fún ọ̀gá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wá ní, "Ìwọ ni kó o máa fọn ún nígbà náà."

Èmi ni mò ń fọn ún lóòótọ́. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì fi ọ̀gá jẹ olùdarí àgbà láti tù ú nínú, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Ìyá Déborà, ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi pé kò jẹ ẹ̀pà mọ́, àti pé bí òun bá jí lóru, ìka rẹ̀ ń tẹ nǹkan tí kò sí lórí ẹní. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ kí wọ́n dá túbà náà padà. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yìí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tí mo ṣe tí mo fi gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá wọ ilé mi. Mo fa àga fún un, kò jókòó sí i. Orí àpótí tí àwọn ọmọṣẹ́ mi ń jókòó sí ló lọ.

"Sámù, mo wá kọ́ṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Ta ni ọ̀gá? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ọ̀gá rẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ó gbé túbà kọ́ èjìká, ó ní ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sáré tẹ̀ lé e kí n gbà á, ó kọ̀. Ó ní ọmọṣẹ́ wo ló ń rìn lọ́wọ́ òfo. Bí àwa méjèèjì ṣe la Dougouba kọjá nìyẹn, arúgbó níwájú pẹ̀lú ẹrù, èmi lẹ́yìn láìgbé nǹkan kan. Àwọn ènìyàn ń dúró wò mí. Ìyá mi gbọ́ kí n tó padà délé, ó ní ta ló kọ́ mi ní irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà le. Ìka rẹ̀ kò fẹ́ gbàgbé ojú ọ̀nà àtijọ́. Á ti dé ibẹ̀ kó tó rántí. Bó bá fọn ìlà kan tán, á yíjú sí mi. Mo ní ó dára. Ó gbé túbà sílẹ̀, ó ní, "O ń purọ́ fún mi. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?" Mo dijú, mo ní, "Ẹ tún un ṣe, ọ̀gá." Ẹnu mi korò bí ẹni jẹ ewúro. Inú tirẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ yẹn, mò ń sọ ọ́ títí ó fi sú èmi. Ọyẹ́ dé, ètè rẹ̀ là, ó fi òrí pa á, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fọn níbi òkú kan ní Sakassou. Mo ní kò tíì tó. Ó mi orí, ó sì tẹ̀ lé wa lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde ni mo tó gbà. Orin tí ó bàjẹ́ lọ́jọ́sí náà ló ní òun fẹ́ fọn. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, ojú mi kò kúrò lára ìka rẹ̀. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ wọlẹ̀, ó fọn, ohùn náà sì wọ abẹ́ orin lọ bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀. Ẹsẹ kan, ẹsẹ kejì, títí dé òpin. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá akọrin ń fi ìborùn nu ojú.

Mo rò pé ó parí. Ẹ mọ̀ pé láàárín wa, ọmọṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán kò lè dá dúró títí yóò fi dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ níwájú ènìyàn, kí ọ̀gá gbàdúrà fún un, kó sì tú u sílẹ̀. Ọ̀gá Jóṣúà gbé túbà sórí àga. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó rìn wá sí iwájú mi, bàbá tó wà níbi ìsọmọlórúkọ mi, tí irun rẹ̀ funfun báláú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé nílẹ̀ wa. A kì í tilẹ̀ fi ṣe àwàdà. Èmi náà wólẹ̀, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dìde, ẹ fẹ́ pa mí."

Ó sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè. "Tú mi sílẹ̀. Mi ò ní dìde láìgba òmìnira."

Èmi nílẹ̀, òun nílẹ̀, pásítọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Láti apá àwọn obìnrin ni Ìyá Déborà ti sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wà ní ìdáná rẹ̀: "Sámù, ṣe kíá. Ẹ̀yìn bàbá yìí kò lè pẹ́ nílẹ̀."

Mo na ọwọ́, mo gbé e lé orí funfun yẹn, mo sì gbàdúrà. Títí di òní, mi ò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo sọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní mo pè é ní ọmọ mi. Wọ́n ní ó dáhùn, ó ní àmín.